Irin Tí Fátíhà Mẹ́ta Kò Tó

Owó ọ̀bẹ ni wọ́n fi tọ́ mi. Bàbá mi kì í rọ ọkọ́, kì í rọ àdá, àfi bí ará ilé bá bẹ̀ ẹ́ títí tó sú u. Ọ̀bẹ alápatà ni iṣẹ́ rẹ̀. Àgbẹ̀dẹ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa ní Lokoja àtijọ́, kò jìnnà sí gbàgede Paparanda, ahéré kékeré kan tí kò ní fèrèsé, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì kọjú sí ògiri. Bí o bá wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan, o ní láti dúró díẹ̀ kí ojú rẹ tó là. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí àwọ̀ irin gbígbóná kì í hàn dáadáa nínú oòrùn. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ló gbé owú àti ẹ̀mú wá láti Ìlọrin, kò sì sẹ́ni tó tún rántí ọ̀nà ibẹ̀ nínú wa bí kò ṣe pé ẹnìkan ń ṣègbéyàwó tàbí ẹnìkan kú.

Bí irin bá ti wọ iná, Bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíhà lábẹ́ èémí. Bó bá kà á tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á fi ẹ̀mú fa irin náà yọ, á tì í bọ inú epo kó lè le. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Àdúrà ni mo pè é, gbogbo ará ilé ló sì pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò bá sí nínú ẹ̀sìn wa lè má mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ fi ká Bàbá lára tó bẹ́ẹ̀. Ẹran tí a fẹ́ pa kò gbọdọ̀ jẹ ìrora ju bó ti yẹ lọ. A kì í pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹran. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ mú débi pé bó bá ti kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Bí ẹnu ọ̀bẹ bá kú sí ẹran lọ́rùn, alápatà jẹ̀bi, ọwọ́ ẹni tó rọ ọ̀bẹ náà kò sì mọ́. Báyìí ni Bàbá ṣe kọ́ wa, kì í sì í fi ṣeré.

Ní Iléyá ọdún tó ṣáájú èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀bẹ tuntun Bàbá kú lórí àgbò kejì. Àgbò náà jà. Ó jà títí wọ́n fi sáré mú ọ̀bẹ mìíràn wá. Bàbá wà níbẹ̀, ó gbọ́ ọ. Kò fi ẹnu kan ẹran lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí i ni pé irin ayé òde òní ti bàjẹ́.

Nígbà tí Iléyá tó tẹ̀ lé e ku bí oṣù kan ààbọ̀, olórí àwọn alápatà wá sílé wa. Ará Nupe ni, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ dán ju tèmi lọ. Ó jókòó, ó béèrè àlàáfíà ẹni gbogbo títí kan ewúrẹ́, kó tó wá sọ tẹnu rẹ̀.

“Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn yín. Ọ̀bẹ yín ni bàbá mi lò títí ó fi kú. Ọ̀bẹ méjìlá la ó lò lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún ṣe bíi ti èṣí, a ó lọ ra ọ̀bẹ òyìnbó tó ń dán yẹn. Ẹ̀yin ẹ kàn máa bá wa pọ́n ọn.”

Bàbá ní òun ti gbọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó ní, “Ó ní kí n máa bá wọn pọ́n ọ̀bẹ.” Kó tó di Àlàásárì, ó ti tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dùn mí dé egungun. Ẹni tó ti ń rọ ọ̀bẹ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù, ẹ ní kó wá máa pọ́n èyí tí ẹlòmíràn rọ.

Èmi ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọbìnrin kan ṣoṣo láàrin ọkùnrin mẹ́rin tí kò sí ìkankan nínú wọn tó kọ́ṣẹ́ náà. “Ìyá mi” ló ń pè mí, ó ní ojú ìyá òun ni mo gbé wáyé. Ilé mi wà ní Otokiti, ní Lokoja níbẹ̀, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, ní yàrá tí a ti ń dán irin wò. A máa ń tẹ irin, a máa ń fà á, a máa ń gún un lábẹ́ ẹ̀rọ títí a ó fi mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bàbá gbà pé iṣẹ́ òun náà ni mò ń ṣe, pé èmi kàn ń ṣe tèmi nínú afẹ́fẹ́ tútù ni.

Ọ̀gá mi níbẹ̀, ọmọ Yàgbà kan tó máa ń kí gbogbo ènìyàn “Òkun o” bí ẹni tí ayé kò ká lára, ti ń ṣe irin tuntun kan láti ọjọ́ pípẹ́. Irin lásán ló yọ́, ó fi èédú díẹ̀ sí i kó lè le, ó fi kurómù díẹ̀ sí i kó má baà tètè dípẹtà, ó wá wọ́n ohun kan tí wọ́n ń pè ní fanádíọ̀mù sí i bí ẹni wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ó gbà pé yóò dára fún ọ̀bẹ. A ti tẹ̀ ẹ́, a ti fà á, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó fi gé nǹkankan.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní ọ̀pá díẹ̀. Ó ní, “Gbà. Ṣùgbọ́n kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, èyí tó dára àti èyí tí kò dára.” Ó tún kìlọ̀ fún mi pé irin yìí fẹ́ iná ju irin ọkọ̀ tí Bàbá ń lò lọ. Bí irin ọkọ̀ bá ti pọ́n bí ata, ó tó tì bọ epo. Tuntun yìí gbọ́dọ̀ kọjá ata kó dé ọsàn. Mo sọ ọ́ fún Bàbá bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ní òun ti gbọ́.

Oríṣi irin mẹ́ta la dán wò. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ní Obajana bá wa wá sípíríǹgì ọkọ̀ àtijọ́ kan, irú èyí tí Bàbá ti ń lò láti ìgbà ìwásẹ̀. Ó ní òun wá a títí ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kán, pé àwọn tó ń ra irin àlòkù ti kó gbogbo irú rẹ̀ lọ fún àwọn tó ń yọ́ ọ. Ọ̀bẹ méjì péré ló lè jáde lára rẹ̀. Ìkejì ni abẹ ayùn ńlá láti ilé ìlagi. Irin ọ̀gá mi ni ìkẹta. Gbogbo wa mọ̀ pé bí irin tuntun yìí kò bá dára, Bàbá kò ní ohun tó fẹ́ fi rọ méjìlá, ọ̀bẹ òyìnbó yóò sì wọlé.

Bàbá rọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi wá so okùn tí wọ́n fi ń so màlúù mọ́ pákó. Bí ọ̀bẹ bá ti gé e lẹ́ẹ̀kan, mo fa ìlà kan sínú ìwé. Bó bá ti di pé ọ̀bẹ ń yọ̀ lórí okùn, tó ń fẹ́ kí n fi ipá kún un, mo dúró. Bàbá jókòó sórí àpótí, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdánwò tirẹ̀ kò gba ìwé. Á fi èékánná ta ọ̀bẹ kó gbọ́ ohùn rẹ̀, á sì fi fá irun ọwọ́ òsì rẹ̀. N kò rí irun lọ́wọ́ òsì Bàbá rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Sípíríǹgì àtijọ́ gé okùn lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógójì. Abẹ ayùn gé e lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Irin tuntun gé e lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ẹnu rẹ̀ sì ká bí etí ìwé.

“Ìyá mi,” ni Bàbá wí, “irin yín rẹwà. Ẹ fi ṣe yẹtí.”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé irin tuntun kò dára fún ọ̀bẹ, mo sì gbé ìwé àti ọ̀bẹ náà lọ fún ọ̀gá mi lọ́jọ́ kejì. Ó kà á, kò bínú. Ó mú àjákù kan lára ọ̀pá kan náà, ó fi sínú ààrò wa tó ní òǹkà ìgbóná, ó dúró dè é, ó tì í bọ epo. Ó wá na fáìlì sí mi, èyí tí a fi ń rẹ́ irin. Mo fi rẹ́ àjákù náà, ó kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Mo gbé fáìlì kan náà lé ọ̀bẹ Bàbá, ó jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ iṣu. Irin kan náà ni, ṣùgbọ́n ti Bàbá kò le.

“Ta ló wo iná?” ni ọ̀gá mi bi mí.

“Bàbá mi ni.”

“Ó dáa,” ló wí, ó sì padà sórí àga rẹ̀.

Inú bí mi. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé kò ṣòro. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé mi lọ sílé Bàbá, mo ti to gbogbo ohun tí n ó sọ sílẹ̀: pé mo sọ ọ̀rọ̀ ọsàn fún un, ó fi etí palàbà gbọ́ ọ, pé bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin rẹ̀ ló sọ ọ́, á ti gbọ́. Mo tún rántí ọ̀rọ̀ yẹtí, ó tún bí mi nínú sí i.

Mo bá a nínú àgbẹ̀dẹ. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní ẹ jẹ́ ká tún irin tuntun ṣe, pé èmi ni n ó yí afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ kan tí à ń fọwọ́ yí ló ti gba ipò ẹwìrì láti ìgbà tí mo wà ní kékeré, iṣẹ́ mi sì ni nígbà náà. Ó ti irin sínú èédú. Mo ń yí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíhà. Irin náà pọ́n díẹ̀díẹ̀, ó dé àwọ̀ ata. Fátíhà kẹta parí, ọwọ́ Bàbá sì na ẹ̀mú.

“Bàbá, kò tíì tó.”

Ó ti tì í bọ epo. “Ó tó. Ọsàn ni.”

“Ata ni, Bàbá.”

“Mo ní ọsàn ni.”

Mo ti la ẹnu láti tú gbogbo ohun tí mo tò jọ nínú kẹ̀kẹ́ jáde, nígbà tí nǹkan kan kọ́ mi lẹ́sẹ̀. Àṣé kì í wo iná mọ́. Ojú rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Mo wá ṣe ohun kan tí n kò lè fi yangàn. Nígbà tó ti ọ̀pá kejì sínú iná, mo fi igi ìkoná rọra sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, kúrò ní àárín èédú. Mo ń yí afẹ́fẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Fátíhà kìíní, ìkejì, ìkẹta. Ó na ẹ̀mú, ó wá irin náà díẹ̀, ó fà á yọ. Dúdú ni irin náà, bí ìdí ìkòkò. Ó tì í bọ epo.

Epo kò dún. Kò hó, kò rú èéfín. Bàbá dúró pẹ̀lú ẹ̀mú lọ́wọ́, ó tẹ́tí.

“Ìyá mi, kí lo ṣe?”

“Mo sún un kúrò nínú iná, Bàbá.”

Ó gbé ẹ̀mú kalẹ̀, ó fi ọwọ́ wá àpótí rẹ̀, ó jókòó. Gbogbo ìbínú mi ti lọ. Ojú tì mí ju bí mo ti lè sọ lọ. Mo fẹ́ kó bú mi, kò bú mi.

“Ó ti lé ní ọdún méjì,” ló wí. “Kì í ṣe pé ilẹ̀ ṣú o. Ó dà bíi kí ènìyàn máa wo nǹkan láti inú ọ̀rá. Mo rí ọ, mo rí ọ̀nà mọ́sáláṣí. Àwọ̀ iná ni n kò rí mọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti mọ̀ pé bí afẹ́fẹ́ bá lọ déédéé, Fátíhà mẹ́ta tó sípíríǹgì àtijọ́. Mo kàn ń kà á ni.”

“Ti èṣí ńkọ́?”

“Sípíríǹgì ọkọ̀ tuntun ni wọ́n gbé wá léṣìí. Fátíhà mẹ́ta kò tó o. Mo dá irin lẹ́bi lójú gbogbo ènìyàn. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Àgbò yẹn, èmi ni mo fìyà jẹ ẹ́.”

Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú rẹ̀, èmi náà sì ń sunkún. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹni tó yẹ kó máa ríran nínú wa méjèèjì ni mo rò. Mo nu ojú mi, mo ní ká lọ rí dókítà ojú. Ó mi orí. Ó ní Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, òun yóò lọ sọ fún olórí àwọn alápatà pé kó ra ọ̀bẹ òyìnbó rẹ̀, òun yóò sì ti àgbẹ̀dẹ pa.

“Ẹ jẹ́ kí n máa sọ àwọ̀ fún yín,” ni mo wí.

“Obìnrin ni yóò máa sọ fún mi bí irin bá pọ́n?”

“Obìnrin ló ń sọ fún yín bí ọbẹ̀ bá jinná.”

Ó fi imú rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, “Ọsàn wo? Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n ni àbí èyí tó ti fẹ́ jábọ́?” Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti gbà.

Ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní fi ṣe àṣírí mọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo mú un lọ sí ilé olórí àwọn alápatà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ojú rẹ̀ dé orí àgbò èṣí. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, kò sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ó ní, “Bàbá, ẹ rọ méjìlá náà. Àgbò ilé yín ni n ó fi ọ̀bẹ yín kọ́kọ́ pa. Bó bá jà, a ó jọ mọ̀.”

Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Ọ̀bẹ àkọ́kọ́, mo pẹ́ jù kí n tó sọ̀rọ̀. Irin náà ti kọjá ọsàn, ó ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì sán nínú epo, a gbọ́ ọ. Bàbá ní, “O ń wo ẹwà rẹ̀. Má wo ẹwà rẹ̀.” Ìkejì, mo yára jù. Ó kọ́ mi pé kí n wo ẹ̀yìn ọ̀bẹ kì í ṣe ẹnu, torí ẹnu tín-ín-rín, òun ló ń kọ́kọ́ pọ́n, òun ló sì ń tan ọmọdé jẹ. Lórí ìkẹta, mo ní “Ó di,” ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń lọ kí n tó parí ọ̀rọ̀. Epo dún, èéfín bò wá lójú, àwa méjèèjì ń wúkọ́. Ó fi èékánná ta á, ó tẹ́tí sí i, ó sì gbé e fún mi.

Mo ka ìlà títí ọwọ́ fi ro mí. Ọ̀bẹ náà gé okùn ju ọgọ́rin ìgbà lọ. Mo fi òun àti ti sípíríǹgì sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ di ọjọ́ kejì: ti sípíríǹgì dípẹtà jákèjádò, ti ọ̀gá mi kàn ní àmì díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn. Mo pa ohun tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Mo kọ ọ́ pé irin náà dára, pé èmi tó ń dán an wò ni n kò kọ́kọ́ wo ẹni tó ń wo iná. Ọ̀gá mi kà á, ó fún mi ní ọ̀pá tí yóò tó méjìlá, ó ní kí n bá òun kí Bàbá.

Bí a ti ń rọ ọ̀bẹ yìí lọ, mo ń tún ọ̀rọ̀ dókítà sọ. Nígbà tó sú u, ó ní, “Bí àgbò tún jà lọ́dún yìí, kí ni mo fẹ́ fi ojú rí?” N kò tún bá a sọ ọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Iléyá, bí wọ́n ti kírun tán, olórí àwọn alápatà wọlé wa pẹ̀lú aṣọ ìkírun rẹ̀ tó ti ká lápá. Ó fi ọ̀bẹ pamọ́ sẹ́yìn kí ẹran má baà rí i. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi dá àgbò náà dùbúlẹ̀, wọ́n kọ ojú rẹ̀ síbi tó yẹ. Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọkùnrin náà ní Bísímílà, ó ní Àlàáhù Akbar, ọwọ́ rẹ̀ sì kọjá lẹ́ẹ̀kan.

Mo ń gbọ́ èémí Bàbá.

“Ṣé ó jà?” ló bi mí.

“Kò jà, Bàbá.”

“Wò ó dáadáa.”

Mo wò ó dáadáa. Olórí àwọn alápatà ti ń nu ọ̀bẹ, ó ń fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò, ó sì mi orí sí mi. “Kò jà,” ni mo tún wí. “Ẹ̀ẹ̀kan ni.”

Bàbá tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ní, “Ó dáa. Bí ọdún bá parí, mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà yẹn.”